“Kí Lẹ Ń Hun?” Sàn Ju “Níbo Lẹ Ti Wá?” Lọ

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì la fẹ́ jọ sọ lónìí. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́fà péré ti mọ òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára ògiri: wọlé, fi káàdì kan ẹ̀rọ, jókòó, pa ẹnu mọ́. Ojú kálukú á wà lára fóònù tàbí lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, nínú dáńfó láti Òṣòdì sí Ìkẹjà, kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, èèyàn mẹ́ta á ti máa jiyàn lórí ìjọba, ìyá kan á ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹsẹ̀, ẹlòmíì á ti máa ṣe “àmín” sí àdúrà ẹni tí kò mọ̀ rí.

Èrò tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: iṣẹ́ ọwọ́ lè bá wa já òfin yẹn láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń hun òwú nínú bọ́ọ̀sì, ìyẹn níítìn tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé láyé ọjọ́un, tí àwọn ìyá wa fi ń hun súẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Tí mo bá di fóònù mú, mo lè wọ bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá fa abẹ́rẹ́ méjì àti òwú yọ nínú báàgì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi na ọrùn wò mí, tá á sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń hun?”

Ẹ fi ìbéèrè yẹn wé èyí tá a ti mọ̀ tipẹ́: “Níbo lẹ ti wá?” Tá a bá ní Peckham la ti wá, wọ́n á ní, “Mo gbọ́, ṣùgbọ́n níbo gan-an?” Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń béèrè ló ní ibi lọ́kàn o. Àwa náà máa ń bi ara wa pé, “Ọmọ ìlú ibo ni yín?” Àmọ́ láti ara àwọ̀ wa àti bí ahọ́n wa ṣe ń dún ni ìbéèrè yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ fún ọmọ tí wọ́n bí síbí pé àlejò ni. “Kí lẹ ń hun?” ò bá àwọ̀ ṣe. Ọwọ́ ló ń wò, ohun tó ń ti ọwọ́ jáde ló fẹ́ mọ̀. Ìkíní ń sọ wá di ẹni tó ń rojọ́, ìkejì ń sọ wá di olùkọ́.

Yorùbá mọ nǹkan yìí tipẹ́. Nílẹ̀ wa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Àgbẹ̀ wà lóko, a ní “Àroko bọ́dún dé o.” Onídìrí ń dirun lábẹ́ igi, a ní “Ojú gbooro o.” Ìyá pàtẹ sójú ọ̀nà, a ní “Ajé á wọgbá o.” Tá ò bá mọ èyí tó bá iṣẹ́ náà mu, “ẹ kú iṣẹ́” ò kọ iṣẹ́ kankan. A kì í kọ́kọ́ béèrè ìdílé ẹni náà ká tó kí i. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó ìwé ìdánimọ̀. Òyìnbó ò ní irú ìkíni yìí lédè wọn, àmọ́ lójú tèmi, “Kí lẹ ń hun?” ni “ẹ kú iṣẹ́” tiwọn.

Nínú bọ́ọ̀sì 36 tó ń gba Peckham lọ sí Victoria, ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan. Kò kí mi. Ó ń wo ọwọ́ mi títí a fi kọjá Camberwell, ó wá fi ìka kan tẹ iṣẹ́ náà, ó ní, “Dẹ òwú yẹn díẹ̀, jẹ́ kó mí.” Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ fún mi nípa ìyá ẹ̀ tó máa ń fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ hun aṣọ orí tábìlì, àti nípa yàrá kan ṣoṣo tóun àti ọkọ òun gbà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, tó jẹ́ sítóófù kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń yáná. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí láàárín àwa àti àwọn ará Jàmáíkà nígbà míì. A jọ ń gbé àdúgbò kan náà, a jọ ń ra iṣu ní Rye Lane, síbẹ̀ àwa ń bú wọn lẹ́yìn, àwọn náà ń bú wa. Òwú tí ò ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ ló jẹ́ kí àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín dé Vauxhall.

Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi fìlà ẹ̀wù bo orí wọlé. Àwọn kan fa báàgì wọn mọ́ra. Ó jókòó síwájú mi, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní ìyá àgbà òun máa ń hun irú fìlà yìí fóun kó tó kú, ó wá béèrè bóyá ó ṣòro láti kọ́. Mo fi bí wọ́n ṣe ń dá ìlà àkọ́kọ́ hàn án. Ibùdókọ̀ mẹ́ta péré ló kù fún un, mi ò sì tíì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ọkọ̀ ń bẹ̀rù fi ẹ̀rín sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má rò pé eré lásán là ń sọ. Ní 2018, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tí á máa mójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Ní 2023, Vivek Murthy, tó jẹ́ olórí dókítà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn onímọ̀ méjì, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder, sì gbé ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí àwọn tó ń wọ rélùwéè àti bọ́ọ̀sì ní Chicago. Wọ́n ní kí àwọn kan bá àjèjì sọ̀rọ̀, kí àwọn kan dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ló gbádùn ìrìn náà jù, bẹ́ẹ̀ ohun táwọn èèyàn ti rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa dùn jù. Nígbà tó yá, wọ́n dán irú ẹ̀ wò nínú rélùwéè ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù, ibì kan náà ló já sí. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa, ẹni tó máa kọ́kọ́ lanu la ń dúró dè.

Ẹni tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an rèé. Mo ń ka ojú òwú lọ́jọ́ kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lédè wa: “ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.” Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Mo yí padà. Màmá kan ni, ó wé gèlè lé fìlà òtútù, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní, “Òò, ẹ ṣé mà. Ẹ káàsán mà.” Ó ní Ìbàdàn lòun ti wá, pé òun wá bá ọmọ òun tọ́jú ọmọ. Aago márùn-ún ìdájí ni ọmọ ẹ̀ àti ọkọ ń jáde, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti dé, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa rí kí ní ‘ẹ kú iṣẹ́’. Gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbí, ṣùgbọ́n a kì í rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.”

Ẹ rò ó wò. Ìyá tó jẹ́ pé kó tó dé ọjà láàárọ̀, á ti kí gbogbo àdúgbò tán, la gbé wá sínú yàrá méjì. A tan tẹlifíṣọ̀n fún un, a ní ó ń jayé. A ò febi pa á, a ò sì fojú ẹ̀ gbolẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn màmá yìí ló mọ òwú hun ju èmi lọ. Ẹ ra òwú àti abẹ́rẹ́ fún wọn. Ẹ bá wọn wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, àlọ àtàbọ̀, títí tí ojú wọn á fi mọ́ ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Tí màmá bá ti gbé fìlà ọmọ náà sókè, ẹni tó ń béèrè á ti rí èsì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìtìjú ni, ká máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ bí ẹni tí ò nílé. Àwọn ọmọ wa á ní, “Mọ́mì, wọ́n ń wò wá o.” Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò, ohun tá a wá nìyẹn. Láti 2005 ni àwọn tó ń hun òwú kárí ayé ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún láti jókòó sí gbangba kí wọ́n máa hun. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ obìnrin ni, ọmọkùnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣé kì í ṣe àwọn ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì aṣọ òkè n’Ísẹ́yìn láti ọdúnmọ́dún? Tí ìyẹn ò bá tó fún ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ sọ ìtàn Tom Daley fún un, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gba wúrà nínú ìdíje fífò sómi ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021. Ibi ìjókòó ìwòran ló jókòó sí tó ń hun òwú, gbogbo ayé sì rí i. Ó tiẹ̀ hun àpò kékeré tó ń fi wúrà náà sí.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí wa lèèyàn rere. Ẹ má sọ nọ́ńbà ilé, ẹ má dárúkọ ilé ìwé ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá kúrò lórí òwú tó bọ́ sórí owó tàbí ibi tẹ́ ẹ ń gbé, ẹ ká iṣẹ́ yín, ẹ lọ jókòó sí tòsí awakọ̀. Àǹfààní kan tún wà nínú iṣẹ́ ọwọ́: tẹ́ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kàn máa ka ojú òwú yín lọ, kò ní í jẹ́ ìwọ̀sí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó lo abẹ́rẹ́ tí rọ́bà so méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan má baà já bọ́ sábẹ́ àga. Kó fi òwú sínú báàgì kó má yí lọ sẹ́sẹ̀ èrò. Kó fa ìgúnpá mọ́ra, kó má sì hun tó bá wà lórí ìdúró. Fìlà ọmọ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í gba àyè.

Àwọn ọmọ wa ń dàgbà nílùú tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ewu ni àjèjì. Ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù, àwa la máa kọ́ wọn: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, à ń kí i ni. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń hun òwú nínú ọkọ̀ lọ́la, yálà Yorùbá ni o, yálà ará Pólàǹdì ni o, ẹ má bi í níbo ló ti wá. Ẹ kí i kú iṣẹ́. Tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá, òun fúnra ẹ̀ á sọ.