Gáàsì Kì í Ṣe Oúnjẹ Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹni tí ó bá ti gbé Kánò, Ṣókótó tàbí Màídúgùrí láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún mọ̀ pé ooru ibẹ̀ a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé lóru pàápàá ògiri a máa gbóná bí ààrò. Nítorí náà, ní ilé tí ìkókó tàbí arúgbó bá wà, ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ohun afẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa ní ìlú àjò ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì yẹ kí a san.

Èmi fúnra mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni mo pe oníṣẹ́ kan náà wá sí ilé mi nígbà tí ooru dé tí ẹ̀rọ kò sì mú yàrá tutù. Lọ́dọọdún ni yóò fọwọ́ kan páìpù, tí yóò mi orí, tí yóò sì wí pé, “Bàbá, gáàsì ti tán.” Yóò rọ gáàsì sí i, èmi yóò sanwó, a ó sì kí ara wa pé ó dàbọ̀. Ní ọdún kẹrin, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ náà, kú pátápátá. Oníṣẹ́ mìíràn tí mo pè po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi pa ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀ lẹ́yìn ògiri, ọṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò láti ọjọ́ yìí wá. Iṣẹ́ kékeré ni ì bá jẹ́ bí a bá ti wá a ní ọdún kìn-ín-ní. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: gáàsì kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀rọ. Kò dà bí kẹrosíìnì tí iná ń jó tán nínú àtùpà. Inú páìpù tí a dí pa ni ó wà, níbẹ̀ ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Yóò gba ooru nínú yàrá, yóò lọ tú u dànù síta, yóò sì padà wá gba òmíràn. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tí ó lè yí iṣẹ́ yìí padà, tí yóò máa gba ooru níta wá sínú yàrá. Ní Jos, ìlú tí ó fi ohun tí ó lé ní 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa wúlò nígbà ọyẹ́. Ìbáà ṣe ti òtútù, ìbáà ṣe ti ooru, gáàsì tí a fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó bá dín kù, ó ń jò ni. Ẹni tí ó ń rọ gáàsì láì wá ibi tí ó ti ń jò, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi. Ó sì ń pa ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, nítorí gáàsì tútù tí ó ń padà bọ̀ láti inú yàrá ni kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbóná jù.

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ inú ẹ̀rọ náà. Eruku ọyẹ́ lè dí i pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, fífọ̀ rẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀. Bí omi bá ń kán sínú yàrá, ó lè jẹ́ pé ihò tí omi ń gbà jáde ni ó dí. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń kùn tí kò lè gbéra, ẹ pa á kí ó má baà jóná. Ó lè jẹ́ pé iná kò lágbára tó, tàbí kí ó jẹ́ kapásítọ̀, ohun kékeré tí ó ṣe é pààrọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ń bo páìpù lẹ́yìn tí a ti fọ asẹ́ tán, bí epo bá ń hàn ní ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀, tàbí bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí yàrá kò tutù, ẹ fura sí jíjò. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn wáyà tí ń jó, tàbí tí ẹ̀rọ náà ń já iná ilé ní gbogbo ìgbà, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà wo ni kí a wá sọ pé ó tó? Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé nìyí: bí ẹ̀rọ bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju ìdajì owó tuntun lọ, kí a jẹ́ kí ó sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe sí ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì R-22 tí ó sì ń jò níbi púpọ̀. Gáàsì yìí ń ba ìbòrí ozone tí ó wà lókè jẹ́. Àdéhùn Montreal, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1987 tí a sì ṣe àtúnṣe sí lẹ́yìn náà, ti dá ọdún 2030 fún àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa láti fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ R-410A sínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún R-22, nítorí agbára rẹ̀ nínú páìpù ju ti R-22 lọ púpọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, “Níbo ni mo ti fẹ́ rí owó tuntun? Ṣebí tòkúnbọ̀ ń bẹ.” Ìjọba ti fi òfin de kíkó ògbólógbòó ẹ̀rọ amúlétutù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Bí kò tilẹ̀ sí òfin, èyí tí ẹlòmíràn ti lò gbó, ìyà rẹ̀ ni a ń rà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tí ó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún kilowatt-hour kan. Ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tí kò mú nǹkan tutù, mítà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbàkígbà tí a bá sọ fún yín pé gáàsì ti tán, ẹ béèrè pé, “Níbo ni ó ti ń jò?” Bí oníṣẹ́ kò bá lè fi ibẹ̀ hàn yín, ẹ má sanwó. Ẹ̀yin oníṣẹ́ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ má bínú sí mi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, orúkọ rere sì ni olórí ọjà tí a gbé wá sí ilẹ̀ yìí. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Owó tí a ó fi re ilé náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá gáàsì jò lọ.