Ẹsẹ̀ 26 Ló Yẹ Arìnrìn-àjò

Ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin dé Oǹdó, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀dà tó ń dán ra kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọlé ni wọ́n kọ 28 sí lára táyà. Raleigh tí àwọn àgbà fi ń lọ sóko náà ń jẹ́ 28. Àmọ́ orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀: ríìmù Raleigh jẹ́ mìlímítà 635, ti tòkunbọ̀ jẹ́ 622. Táyà ọ̀kan kò lè bá èkejì mu láéláé, bó ti wù kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tì í tó.

Ẹsẹ̀ 26 alátáyà fífẹ̀ ló sàn jù. Ríìmù rẹ̀ kò ju 559 lọ. Sípóòkù rẹ̀ kúrú, kì í sì tètè wọ́ bí ẹrù bá wúwo. Ó tún fúyẹ́ láti wà gun òkè. Ṣùgbọ́n 26 pàápàá ní ẹ̀dà: èyí tí wọ́n kọ 26 × 1⅜ sí jẹ́ 590. Nọ́ńbà kékeré ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí olùrà gbà gbọ́.

Àwọn kan á ní ẹsẹ̀ kékeré máa ń rì sí kòtò. Òótọ́ ni. Nígbà tí Alex Moulton gbé ẹlẹ́sẹ̀ 16 jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1962, ó ní láti fi rọ́bà sí i kó má baà máa gbọn ẹni tó gùn ún. Ti 16 kò yẹ ọ̀nà olókòtò. 26 tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le jù lè gbà á.