Dúdú Tó Wà Láàárín Ìràwọ̀ Kì í Ṣe Òfìfo

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ ní Mọ́níyà, mo gbọ́ ọ ní Ìyànà Ọ̀fà, mo tún wá gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé òfìfo ni gbogbo àárín ìràwọ̀, pé ibi tó bá ti dúdú lójú ọ̀run, ihò lásán ni. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á mi orí bí ẹni pé wọ́n ti débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọwọ́ yín ni ẹ̀rí wà, nítorí iná ìgboro kì í jẹ́ kí ará Ìbàdàn rí nǹkan gidi lókè. Ẹ jí ní ìdájí oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú òfuurufú, lálẹ́ tí kò sí òṣùpá. Ẹ wo apá gúúsù. Ẹ ó rí ọ̀nà funfun kan tó la ojú ọ̀run já. Ìmọ́lẹ̀ àìmọye ìràwọ̀ ni. Gálásì tiwa gan-an ni, àgbájọ ńlá ìràwọ̀ tí oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, inú rẹ̀ la sì ti ń wò ó. Dúdú kan gba àárín funfun náà kọjá, ó yẹ̀ka, etí rẹ̀ rí wúruwùru.

Dúdú yẹn ni wọ́n ń pè ní ihò. Ó dáa. Bó bá jẹ́ ihò, a jẹ́ pé ihò tó tọ́ ganrangan ni, tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún rìn já, tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo kò sì bọ́ sínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Edward Barnard, ará Amẹ́ríkà tó fi kámẹ́rà ya ojú ọ̀run, to irú dúdú bẹ́ẹ̀ 182 sínú àkójọ tó gbé jáde ní 1919. Gbogbo 182, ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu wọn kọ sí? Ta la jẹ́, tí ọ̀run ó fi gbẹ́ ihò tó tó báyìí, kó sì dojú gbogbo wọn kọ Ọ̀nà-Àrà? William Herschel, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí láyé àwọn ọdún 1780, rò pé ihò ni. Òun ní àwíjàre: kò sí kámẹ́rà nígbà náà. Àwíjàre wo ni tiyín?

Ẹ wo ọyẹ́. Ní oṣù Kìíní, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ á bolẹ̀, òkè tí à ń rí lójoojúmọ́ á pòórá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á pọ́n, á sì ṣe bàìbàì. Ta ló jẹ́ sọ pé òkè ti ṣí lọ, pé ihò ló kù níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku wà láàárín ìràwọ̀: òmíràn jẹ́ ti òkúta, òmíràn jẹ́ ti èédú, hóró rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù ju pupa lọ, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ń pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1930, onímọ̀ ìràwọ̀ Robert Trumpler fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà ṣe bàìbàì kọjá ohun tí jíjìn nìkan lè fà. Bí wọ́n bá sì fi awò tó ń rí ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú wa kò lè rí ṣùgbọ́n tó ń gba inú eruku kọjá, wo “ihò” náà, ìràwọ̀ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Ihò dà?

Wọ́n á ní ta ló lọ síbẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá bá wa, a ò ní í lọ.

Wọ́n á tún ní gáàsì tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú eruku ti fẹ́lẹ́ jù. Òótọ́ ni pé àyè tí hóró àgbàdo mẹ́ta lè gbà lè má ní ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gáàsì gálásì wa jọ, ó wúwo ju bílíọ̀nù márùn-ún oòrùn lọ. Òfìfo wo ló wúwo tó yẹn?

Bí eruku àti gáàsì náà ṣe wà kò ṣòroó mọ̀. Gálásì wa tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn apá rẹ̀ sì ká yí àárín rẹ̀ po. Eruku àti gáàsì tútù wà nínú ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ìpẹrẹsẹ yẹn, wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn apá, níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde. Gáàsì háídrójìn ní tirẹ̀ tàn jìnnà kọjá ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ dé. Ìgbì rédíò rẹ̀, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ewen àti Purcell kọ́kọ́ gbọ́ ní 1951. Lónìí, awò rédíò 64 tí wọ́n ń pè ní MeerKAT ń gbọ́ ọ ní Gúúsù Áfíríkà. Nínú ìdá 100 gbogbo ohun tó wà láàárín ìràwọ̀, eruku kò ju ìdá kan lọ, ìdá kan yẹn náà ló sì ń bo ojú yín.

Inú irú ìkùukùu eruku àti gáàsì bẹ́ẹ̀ ni oòrùn tó ń gbẹ ẹ̀gẹ́ wa ti jáde, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ tó bá ti kọ “òfìfo” sójú pátákó fún àwọn ọmọ Akanran, kó yáa nù ún kúrò lọ́la.