Ajá Ni Kò Gbọ́ Fèrè, Àbí Ọdẹ Ni Kò Fun Ún?

Nígbà tí CBEX gbé owó àwọn ènìyàn lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ló ń tà? Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ṣé ọdẹ fun fèrè náà débi tí ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà fi lè gbọ́?

Ọdẹ tí mò ń wí ni SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò. Ọdún 1979 ni òfin dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn látìgbà náà ni ṣíṣọ́ àwọn tó ń ta ṣíà àti àwọn tó ń rà á. Nígbà tí MMM dé, ó kìlọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò dé ọjà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, MMM ti owó àwọn ènìyàn pa.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti ọdún 2007. Òfin yìí fi òwò crypto sábẹ́ SEC. Ó tún sọ pé ẹni tó bá dá òwò gbájú-ẹ̀ sílẹ̀, tó ń fi owó ẹni tó dé lẹ́yìn san èrè fún ẹni tó dé ṣáájú, yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí méjèèjì. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí CBEX dojú dé. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìgbà yẹn ni SEC wá kéde pé CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀yin ará, fèrè tó dún lẹ́yìn tí ajá ti sọnù, ta ló wúlò fún?

Àwọn kan ní ìjọba ń jowú tálákà ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo mọ bí owó oṣù ṣe ń tán kí oṣù tó tán. Ṣùgbọ́n àìní kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Alájọ tó ń gba owó yín ní ọjà, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ bàbá rẹ̀. Ta ni nínú yín ló mọ ilé oní-CBEX?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ fún SEC: òfin tí wọ́n kọ ní èdè òyìnbó, tó wà ní Àbújá, kì í ṣe fèrè. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá lórí rédíò. Ẹ gbé e wá sí ọjà, sí gáréèjì, sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá. Ẹ fi ẹnì kan sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tí a lè lọ bi léèrè kí owó tó lọ. Bí ẹ bá sì ń mú ènìyàn, kó má jẹ́ àwọn ọmọ tó ń pín líńkì nìkan.

Àwa olùṣọ́ àgùntàn náà ńkọ́? Lọ́dún kan, arákùnrin kan dìde nígbà ẹ̀rí nínú ìjọ mi, ó ní owó òun ti di méjì. Mo kígbe Haleluyah. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn opó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè wọ̀ ọ́. Owó wọn kò padà. Wòlíì Ìsíkíẹ́lì ti sọ fún wa pé olùṣọ́ tó rí ewu tí kò fun fèrè, lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ó ti béèrè ẹ̀jẹ̀. Èmi ni olùṣọ́ yẹn. Ẹ má tún gbà kí a lo pẹpẹ báyìí mọ́.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé SEC. Orúkọ nínú ìwé kò ní kí èrè dájú o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ má bá a lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yára torí ààyè fẹ́ kún, ẹ sá.

Kí Olúwa ṣí wa ní etí, kí ó sì jí ọdẹ wa lójú oorun.