Kì Í Ṣe Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọlé

Gbogbo wa la mọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ẹ̀ka wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ orúkọ sí wákàtí tó wù ú, ẹni tó bá pẹ́ dé á sì mú èyí tó ṣẹ́kù. A ń pe èyí ní ìdọ́gba. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí mo fi ka bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́ sí ìlà níbi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ lórí òkè Paranal ní orílẹ̀-èdè Chile.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ èdè ló kọ́kọ́ fà mí débẹ̀. Tẹlisíkóòpù ńlá mẹ́rin, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ló wà lórí òkè náà nínú aṣálẹ̀ Atacama, dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ̀ tó mítà 8.2. ESO, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀, ló ni wọ́n. Èdè àwọn Mapuche ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: Antu ni oòrùn, Kueyen ni òṣùpá, Melipal ni àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú ní gúúsù ọ̀run. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ìràwọ̀ Sirius ni ìkẹrin, Yepun, túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò dáadáa, wọ́n rí i pé àgùàlà ni. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọn ì bá gbé fún wa!

Bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀ látijọ́, tí àwọn kan ṣì ń ṣe títí di òní, kò jìnnà sí ti ilẹ̀kùn wa. Wọ́n á fún onímọ̀ kan ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, á jókòó ti awò. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó parí nìyẹn, alẹ́ rẹ̀ ti lọ. Bí ojú ọ̀run bá sì mọ́ gaara lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n, ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ tó ń tàn yòò, tí kò nílò irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ló wá wò.

Ọ̀nà kejì ni ti ìlà. Ẹni tó ni iṣẹ́ kò kúrò nílé. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ ka ohun tí kálukú fẹ́ ṣe, wọ́n á sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì sí. Ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀ á gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kan má sábà ju wákàtí kan lọ, á sì kọ ohun tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nílò sára rẹ̀. Ṣé òṣùpá lè wà lókè? Ṣé ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní dí i lọ́wọ́? Báwo ni ohun tó fẹ́ wò ṣe gbọ́dọ̀ ga tó lójú ọ̀run? Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ parọ́rọ́ tó?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló le jù. Afẹ́fẹ́ tó ń rú lókè orí wa ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Ó dùn ún wò lójú tiwa, ṣùgbọ́n nínú awò, ṣe ló ń mú kí ìràwọ̀ fẹ̀ bí epo tó kán sórí bébà. Wọ́n ń wọn fífẹ̀ yìí. Bí ẹ bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, alẹ́ tí ìràwọ̀ kò bá fẹ̀ ju ìdajì ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ, alẹ́ iyebíye ni.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn tó wà nídìí awò kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Kìkì àwọn iṣẹ́ tí ojú ọ̀run ìsinsìnyí tẹ́ lọ́rùn ló ń bọ́ síwájú, ìgbà náà ni wọ́n tó wá wo èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn tó nílò òkùnkùn á sún sẹ́yìn. Àwọn tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní infrared, á wọlé, torí òṣùpá kì í fi bẹ́ẹ̀ dí wọn lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́ láàárín òru, ìlà á tún yí padà. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ kan tán, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí alẹ́ kò bá dé ojú ìwọ̀n tí ẹni náà béèrè, iṣẹ́ rẹ̀ á padà sórí ìlà.

Ibi tó wù mí jù rèé: irọ́ kò pé. Bí o bá ní alẹ́ tó dára jù lọ nìkan lo lè lò, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, o lè dúró títí àsìkò á fi parí, torí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí o bá sì ní alẹ́ èyíkéyìí ṣáà ti tó, kí wọ́n lè tètè dá ọ lóhùn, wọ́n á ṣe é ní alẹ́ tí kò dára, wọ́n á sàmì sí i pé ó ti parí, ohun tí kò wúlò lo máa gbà. O ní láti mọ iṣẹ́ rẹ dáadáa kí o tó tò.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì náà ní àyè tirẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìròyìn dé pé ìràwọ̀ neutron méjì ti kọlu ara wọn nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC 4993, ọ̀pọ̀ awò tó wà ní Chile ló pa iṣẹ́ ọwọ́ wọn tì láti kọjú sí i. Ibi náà tètè ń wọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń yára kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lé. Ariwo kékeré lè bà á jẹ́, torí náà àárọ̀ kùtù ló tọ́ sí mi, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri. Aago méjìlá ọ̀sán ni mo bá lórí ìwé. Mo gba ohùn ìyá àgbà kan tó wá kí ọmọ wọn nílùú yìí, wọ́n sì fara balẹ̀ pe ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ fún mi. Nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ìró jẹnẹrétọ̀ ló gba abẹ́ gbogbo rẹ̀. Màmá sì ti padà sílé. Ẹni tó ni aago méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣe ló ki íápíìsì bọ etí, tó ń da ohùn tó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ sínú ìwé. Kò jẹ̀bi. Ó tètè jí ni.

Ẹni tó ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ìwé yẹn ń gbè, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì wá ló ń yà sẹ́yìn. Kí a fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ rẹ nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé ẹni tí o fẹ́ gba ohùn rẹ̀ ṣì máa wà nítòsí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Bàbá tàbí ìyá tó máa lọ lọ́la, ìyẹn ni ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ta ni yóò pinnu? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní Paranal pàápàá, àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìgbìmọ̀ gbà, tí àsìkò wọn parí láìjẹ́ pé alẹ́ wọn dé. Ẹni tó jókòó sílé kò sì sí níbẹ̀ láti yí èrò padà bí ohun àjèjì bá yọjú, ìdí nìyí tí wọn kò fi pa ọ̀nà àtijọ́ rẹ́ pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwa, ojúsàájú ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí náà n kò fẹ́ ìgbìmọ̀ kankan. Kí a ya aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni mú un. Kí a lẹ ìdáhùn gbogbo wa mọ́ ilẹ̀kùn kan náà, níbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Ẹni tó bá parọ́ pé òun nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, a ó gbọ́ bí fíìmù ṣe ń dún látinú yàrá.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà, kò ju ìdajì ojú ìwé lọ. Ó wà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì wa. Màmá ní àwọn ń padà bọ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, àárọ̀ kùtù ni mo sì fẹ́ gba ohùn wọn.