Kì í ṣe ìṣirò ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi, èdè tí wọ́n fi bi í ni

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú iṣẹ́ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama: "The sum of three consecutive integers is 72. Find the integers."

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ro nọ́ńbà pọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá dé ibi "consecutive", kálámù á dúró.

Ẹ wá bi ọmọ kan náà báyìí: "Nọ́ńbà mẹ́ta kan tẹ̀lé ara wọn. Tí a bá ro wọ́n pọ̀, 72 ni. Àwọn nọ́ńbà wo ni?" Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ka owó lọ́jà mọ̀ pé èkejì fi ẹyọ kan ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta sì fi ẹyọ kan ju èkejì.

Ibẹ̀ ni áljẹ́bírà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní x. Èkejì á jẹ́ x + 1, ẹ̀kẹta á jẹ́ x + 2. Àpapọ̀ wọn ni 3x + 3 = 72. Tí a bá yọ 3 kúrò, ó ku 3x = 69. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, x jẹ́ 23. Ìdáhùn ni 23, 24 àti 25.

Ọmọ mìíràn lè má lo x rárá. Á pín 72 fún ẹni mẹ́ta, 24 á kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Á mú ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ fún ẹni ìkẹyìn. Ìdáhùn kan náà ni.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn nọ́ńbà yìí. Mẹ́tàlélógún jẹ́ 3 lórí 20, mẹ́rìnlélógún jẹ́ 4 lórí 20, àmọ́ márùndínlọ́gbọ̀n jẹ́ 30 tí a yọ 5 nínú rẹ̀. Ọmọ tó lè ka èyí ti ń fi ẹnu ṣe ìròpọ̀ àti ìyọkúrò kó tó rí x lójú pátákó.

Ṣé èdè abínibí ló fa ìfìdírẹmi?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò ìṣirò láti Nàìjíríà dé Gambia. Faransé ni ọmọ Kétu ní Benin yóò fi ṣe tirẹ̀. Kíláàsì kan l'Ékòó sì lè ní ọmọ elédè márùn-ún.

Àmọ́ wọ́n ti dán èyí wò rí. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ ṣètò pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí ìdánwò máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò burú. Àmọ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ ìbéèrè náà ní èdè tó yé ọmọ. Níbi tí èdè bá ti pọ̀, kí ọmọ mẹ́ta tò, kí wọ́n gbé nọ́ńbà 23, 24 àti 25 dání. Tó bá ti yé wọn tán, kí olùkọ́ wá kọ "consecutive" sójú pátákó, kó ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nìyí.

Ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n bi í kò tíì fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Wọn ò tíì bi í ní ìṣirò ni.