Ilẹ̀ Òkèèrè Kò Jìnnà sí Ọ̀fà

Ohun kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Àwọn àgbà tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá ń hùwà bí ẹni pé iyì Nàìjíríà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ni ààbò ará ìlú. Lójú wọn, bí a bá ti bu ọlá fún wa ní ìpàdé àwọn ààrẹ, ó yẹ kí ọkàn wa balẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè lọ sí oko kí ó padà ní àlàáfíà, iyì wo ni yóò jẹ?

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1898, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ìlú Paris, wọ́n sì la ilẹ̀ Ìbàrìbá sí méjì: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Kaiama bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Ìbàrìbá kan kò sí ní ìjókòó náà. Ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Kwara wa ti bá Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin pààlà títí di òní. Àwọn òyìnbó ti lọ. Ìwà àìbéèrè wọn kò bá wọn lọ.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ẹgbẹ́ ECOWAS, tí Ààrẹ wa jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fi ogun halẹ̀. Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì já iná mànàmáná. Ogun náà kò wáyé, ṣùgbọ́n ọ̀tá wáyé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn agbébọn pa ọmọ ogun Benin 54 ní àríwá ilẹ̀ wọn. Ní òpin oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ JNIM, tí ó ti ń da Mali àti Burkina Faso láàmú, kéde pé òun ti kọlu ọmọ ogun wa ní Kwara. A kò sọ pé ìhalẹ̀ ọdún 2023 ni ó bí gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá aládùúgbò rẹ̀ jà nígbà tí olè ń bọ̀, ta ni yóò bá a pariwo olè?

Wọn yóò dá wa lóhùn pé ìbẹ̀rù lásán ni ti ará ìlú. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, tí wọ́n kó olùjọ́sìn 38 lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè mélòó kan ní Gúúsù Kwara. Ṣé ìbẹ̀rù lásán ni ó ti ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn?

Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀yìn ààlà ni gbogbo ibi ti ń wá. Àwọn tí ó ja báǹkì ní Ọ̀fà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, tí wọ́n sì pa ọlọ́pàá àti ará ìlú, ọmọ ilẹ̀ yìí ni àwọn márùn-ún tí ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ní 2024. Èyí gan-an ni ẹ̀rí wa: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2025, ọkọ̀ òfurufú ogun wa dé Kútọnu ní ọjọ́ tí wọ́n dìtẹ̀ gan-an. A kò bínú sí i. Ìyára kan náà ni a ń béèrè fún Èrúkù.

Nítorí náà, kí Àbújá pe ọba Nikki àti ọba Kaiama jókòó, nítorí ìbátan ni wọ́n kí ààlà tó dé. Kí wọ́n sì fi ọ̀nà oko àti ọjà wa díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin olóyè, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ àwọn aṣòfin wa lọ. Àwa tí a fi ìjàkadì ṣe orò mọ̀ pé ẹni tí ó gbójú sókè wo olùwòran ni a máa ń dá.